Wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá: ta ni yóò máa rántí rẹ̀?

Ìbéèrè:

Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n yìnbọn pa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa ń pè wá síbi tí wọ́n ti ń yan, tí wọ́n ń fun fèrè, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún yìí, ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lọ mọ́, ó ti sú òun. Màmá wa ní bí a ò bá lọ, a ti pa ọmọ òun lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Èmi tí mo wà láàárín ò mọ ẹni tí màá dá láre. Ṣé ìrántí yìí lópin ni? Ta ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe é fún, ẹni tó kú ni àbí àwọn tó wọ yunifọ́ọ̀mù?

* * *

Màá dá yín lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti gbé pósí ẹlẹgbẹ́ mi méjì. Ọ̀kan nínú wọn, inú mọ́tò kan náà la jọ ń wà fún ọdún mẹ́rin.

Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú àwọn obìnrin méjèèjì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ò sọ pé òun ti gbàgbé ọkọ òun. Ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí ọkọ òun níbi tí wọ́n ti ń yan yẹn mọ́. Màmá yín náà, kì í ṣe fèrè ló ń tù wọ́n nínú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé bí fèrè bá dákẹ́, kò ní sẹ́ni tí yóò dárúkọ ọmọ wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, ibi tí wọ́n ti ń forí gbárí kò sì pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

Kí n tó máa rìn káàkiri, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: ìrántí tí ẹnì kan pàtó ò bá gbé sọ́rùn, kì í pẹ́ tó fi ń di ètò lásán. Ẹ béèrè orúkọ ẹni náà kí ẹ tó béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yan.

* * *

Ohun tí mo ń gbọ́ jù ni pé ìjọba ló ni iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, kí wọ́n mọ ògiri, kí wọ́n fín orúkọ sí i, ó parí.

Èmi ò kẹ́gàn rẹ̀ o. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1962 ni Ààrẹ Kennedy buwọ́ lu òfin tó sọ ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún di ọjọ́ ìrántí àwọn ọlọ́pàá tó kú lẹ́nu iṣẹ́. Ní Íńdíà, ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ni tiwọn, torí ọjọ́ yẹn lọ́dún 1959 ni àwọn ọmọ ogun Ṣáínà pa ọlọ́pàá mẹ́wàá ní Hot Springs, lórí òkè Ladakh. Ọsirélíà mú ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́, áńgẹ́lì tí ọ̀pọ̀ Kristẹni kà sí alábòójútó ọlọ́pàá. Láti ọdún 2004 ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń ṣe tiwọn, ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá sún mọ́ ọjọ́ yẹn jù. Níbi ìsìn wọn, ewé òdòdó wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń dà sílẹ̀ láti òkè, ó máa ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí àwọn tó jókòó, ó dúró fún gbogbo àwọn tó ti lọ. Ẹni tó bá rí i, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ògiri tó wà ní Washington, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1991. Orúkọ tó lé ní 20,000 ló wà lára rẹ̀, wọn ò sì tò wọ́n ní a-b-d. Bí ẹ bá kàn débẹ̀, ẹ ò ní rí ènìyàn yín. Ìwé atọ́ka ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣí, ẹ ó wá rìn lọ bá ògiri, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ẹ nà, ẹ ó máa fi ìka tọ orúkọ títí ẹ ó fi kàn án. Àwọn ènìyàn máa ń gbé bébà lé orúkọ náà, wọ́n á máa fi pẹ́ńsù ra á lọ ra á bọ̀ títí orúkọ yóò fi yọ funfun láàárín dúdú. Wọ́n á ká bébà yẹn jẹ́jẹ́, wọ́n á mú un lọlé. Ní tèmi, ìgbà tí pẹ́ńsù yẹn ń lọ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń rántí. Ti Íńdíà tó wà ní Delhi, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2018, orúkọ tó wà níbẹ̀ ju 34,000 lọ. Kí ni orúkọ kan fẹ́ dá ṣe láàárín 34,000 bí kò bá sí ẹni tó wá a wá?

* * *

Ẹnì kan bi mí pé ẹni tó ń gbé ìrántí sọ́rùn yìí, ṣé mo mọ ọ̀kan, àbí àlá ni mò ń lá.

Mo mọ ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí òun ni mo máa ń rò nígbà tó bá rẹ̀ mí.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1984, ní St James's Square ní London. Àwọn alátakò Gaddafi, tó ń ṣàkóso Líbíà nígbà yẹn, ń fẹ̀hónú hàn níwájú ilé aṣojú Líbíà. Yvonne Fletcher, ọmọ ọdún 25, wà lára àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ní kí wọ́n dúró síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má di ìjà. Kò ga. Kò tó gíga tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá láyé ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn padà sẹ́yìn. Ó kọjú sí èrò, ó kẹ̀yìn sí ilé náà. Ìbọn ró láti ojú fèrèsé. Ọta bà á lẹ́yìn; ènìyàn mọ́kànlá nínú àwọn afẹ̀hónúhàn fara gbọgbẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ gbé e níyàwó, tí òun náà jẹ́ ọlọ́pàá, wà níbẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi yí ilé náà ká. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, fìlà Fletcher àti akoto àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ lójú títì níbi tí wọ́n já bọ́ sí, gbogbo ayé ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n jẹ́ kí gbogbo àwọn tó wà nínú ilé náà máa lọ sí ìlú wọn, torí òfin tó ń dáàbò bo aṣojú orílẹ̀-èdè. Kò sẹ́ni tí wọ́n dè.

Michael Winner, tó máa ń ṣe fíìmù, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn pé ó yẹ kí wọ́n gbé òkúta kalẹ̀ níbi tí ọmọbìnrin náà ṣubú sí. Ibẹ̀ ni àjọ Police Memorial Trust ti bẹ̀rẹ̀. Margaret Thatcher tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn ló ṣí òkúta náà ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1985. Láti ìgbà náà, àjọ yẹn ti gbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ tó lé ní 40 kalẹ̀ fún àwọn mìíràn.

Ó lè parí síbẹ̀. Òkúta wà, òdòdó wà, olórí ìjọba ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kan wà tó ń jẹ́ John Murray, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń kú lọ, ó sì ṣèlérí fún un pé òun yóò wá ẹni tó ṣe é rí. Lọ́dún 1999, Líbíà gbà pé ọrùn àwọn ni ọ̀rọ̀ náà wà, wọ́n san £250,000 fún ẹbí rẹ̀. Murray ò dákẹ́. Lọ́dún 2017, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn ò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù, pé díẹ̀ nínú ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò ṣeé tú síta nítorí ààbò ìlú. Murray ò dákẹ́. Ó fúnra rẹ̀ pẹjọ́, kì í sì í ṣe torí owó, torí pọ́n-ún kan péré ló béèrè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní London sọ pé Saleh Ibrahim Mabrouk, ọ̀kan lára àwọn tó ń darí ilé aṣojú náà nígbà yẹn, ní ìpín nínú ẹ̀bi ikú Fletcher. Kóòtù yẹn kò lágbára láti rán ènìyàn lẹ́wọ̀n, ọkùnrin náà sì ti padà sí Líbíà. Ṣùgbọ́n adájọ́ ti sọ ọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti 1984 dé 2021, ọdún 37 ni. Ìjọba kọ́ ló ṣèlérí yẹn, ọ̀gá ọlọ́pàá kọ́ ló ṣe é. Ẹnì kan ló fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe é lórí títì, tó sì ń gbé e kiri.

* * *

Wọ́n bínú sí mi lórí ìyẹn. Wọ́n ní ṣé gbogbo ẹni tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú ló máa fi ọdún 37 lé ẹjọ́ ni.

Rárá o. Èmi gan-an ò lè ṣe é. Ohun tí mò ń ṣe kéré: mò ń pe màmá ọ̀rẹ́ mi tó kú, ẹni tí a jọ ń wà nínú mọ́tò kan náà, lórí fóònù.

Nígbà tí a bá parí iṣẹ́ òru, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, kó tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi á pe ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. "Màmá, mo ti dé o." Wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Á ní òun ti jẹun, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ irọ́ yẹn fún ọdún mẹ́rin. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìpè náà ò wọlé, màmá ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí aago méje lù, àwọn ti wọ bàtà, àwọn ti jókòó lórí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

* * *

Ìpè ìkẹyìn lórí rédíò ńkọ́? Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù nìyẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn ìsìnkú, ẹni tó ń bójú tó rédíò á pe nọ́ńbà ọlọ́pàá tó kú bí ẹni pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ibẹ̀ á dákẹ́. Á tún un pè. Kò sí ìdáhùn. Á wá sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wà lórí rédíò pé ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kó máa sinmi. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe é jù. Àwọn kan ní òun ni ohun tó dára jù nínú gbogbo ètò. Àwọn kan ní ìkà ni.

Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ta ni wọ́n bi léèrè? Ní ti ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é. Ọ̀gá kan ní ètò ti wà nílẹ̀. Wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kejì, ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, fa aṣọ ìyá rẹ̀, ó béèrè pé kí ló dé tí dádì ò dáhùn. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Mo gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ẹ bi mí pé ta ni wọ́n ń ṣe é fún. Lọ́jọ́ yẹn, àwa tí a wọ yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe é fún. A nílò rẹ̀, mi ò ní parọ́, omi bọ́ lójú mi, ara sì fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ló sanwó ìfúyẹ́ mi.

* * *

Ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Mo rántí òwe yìí torí ẹnì kan béèrè bóyá ó yẹ ká máa sọ àléébù olóògbé. Mo ní ó yẹ. Ọ̀rẹ́ mi máa ń pẹ́ dé. Ó máa ń yá owó, ó máa ń gbàgbé. Ìwé tó bá kọ lórí iṣẹ́, èmi ni mo máa ń tún un kọ. Níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n pè é ní akọni tí kò mọ ẹ̀rù, mo sì wo ojú ìyàwó rẹ̀, mo rí i pé òun náà ń ronú pé ta ni wọ́n ń sọ.

Torí ẹ̀rù máa ń bà á. Bí a bá fẹ́ wọ ilé tó ṣókùnkùn, á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nu ara ṣòkòtò, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, torí ọwọ́ rẹ̀ máa ń làágùn. Á wá wọlé. Gbogbo ìgbà ló máa ń wọlé. Ẹni tí ẹ̀rù ò bà, kí ló ná an láti wọlé? Nígbà tí wọ́n ní kò mọ ẹ̀rù, ohun tó dára jù lára rẹ̀ ni wọ́n mú kúrò.

Ìbéèrè tó tún le ju ìyẹn lọ wà: àwọn ọlọ́pàá tó fìyà jẹ ará ìlú kí wọ́n tó pa wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò ní fẹ́ràn ìdáhùn mi. Ikú lẹ́nu iṣẹ́ kì í fọ ohun tí ènìyàn ṣe nù. Bí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀, kí wọ́n parí rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọgbẹ́ sí lára, kí ẹnikẹ́ni má fipá mú un ṣí fìlà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn náà, opó rẹ̀ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè; kí wọ́n jẹ́ kó sunkún ọkọ rẹ̀. Méjèèjì ló lè wà pọ̀ nínú ìlú kan. Ó máa ń nira, ṣùgbọ́n mo ti rí i.

* * *

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká sọ nípa bí olóògbé ṣe kú.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2017, ọkùnrin kan gún ọlọ́pàá kan, Keith Palmer, lọ́bẹ pa lẹ́nu géètì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Kò ní ìbọn lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní George Medal, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà, lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un níbẹ̀. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2018, adájọ́ tó wádìí ikú náà sọ ọ́ ní gbangba pé ó ṣeé ṣe kó má gba ọgbẹ́ ikú yẹn ká ní àwọn ọlọ́pàá tó gbé ìbọn wà nítòsí ẹnu géètì náà. Ọ̀rọ̀ adájọ́ yìí jẹ́ ara ìrántí Palmer bí òkúta yẹn ṣe jẹ́. Ẹni mìíràn ló ń dúró sẹ́nu géètì lónìí.

Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, rédíò tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti ń ṣe ségesège fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ti kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi ni mo kọ ọ́. Nígbà tí ìwádìí jáde, "ikú akọni" wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́, kò sì sí rédíò ní ojú ìwé kankan. Mo béèrè. Wọ́n ní kí n má fi ọ̀rọ̀ rédíò ba ìrántí ọkùnrin rere jẹ́. Mo ṣì ń bínú. Ẹ̀yin tó béèrè ìbéèrè yìí, bí ẹ kò bá tíì rí ìwé ìwádìí lórí ikú ẹ̀gbọ́n yín, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Kí ẹ kà á tán. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣókùnkùn sí yín níbẹ̀, kí ẹ gbé e lọ fún agbẹjọ́rò.

* * *

Ẹnì kan ní ká má tilẹ̀ dárúkọ apànìyàn rárá, kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Ẹlòmíràn ní ẹjọ́ ni kí gbogbo agbára wa lọ sí, kí ẹni tó ṣe é jẹ̀bi kó rẹ́wọ̀n he.

Lórí àkọ́kọ́, mo fara mọ́ ọn tó bá jẹ́ níbi ìrántí. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2018, ní ìlú Trèbes ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan mú àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ nínú ilé ìtajà ńlá kan. Arnaud Beltrame, ọ̀gá nínú àwọn gendarme, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ológun ilẹ̀ Faransé, ní kó fi obìnrin tó dì mú sílẹ̀, kó mú òun dípò rẹ̀. Ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì láìpa á, kí àwọn tó wà níta lè máa gbọ́ ohun tó ń lọ. Ó kú lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọdún 44. Mo lè sọ gbogbo èyí láìdárúkọ ẹni tó pa á, kò sì sí ohun tó dín nínú rẹ̀. Fóònù tó wà lórí tábìlì yẹn ni mo máa ń rò. Ẹni tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun má jáde mọ́, tó sì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Lórí ẹjọ́, ẹ wo Andrew Harper, ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 28 ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀, tí mọ́tò àwọn olè fi wọ́ ọ nílẹ̀ pa ní Berkshire ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Kóòtù ní ó jẹ́ pípa láìmọ̀ọ́mọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Lissie, ò fara mọ́ ìyà tí wọ́n fún wọn. Ó ń lọ ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin títí òfin fi jáde lọ́dún 2022: ní England àti Wales, ẹni tó bá ń hùwà ọ̀daràn lọ́wọ́ tó sì pa òṣìṣẹ́ pàjáwìrì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀wọ̀n gbére ni, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Harper ni wọ́n fi ń pe òfin náà. Àwọn kan ní ẹ̀san ló ń wá. Mi ò gbà. Òfin náà ò kan àwọn tó pa ọkọ rẹ̀, wọ́n ti dájọ́ tiwọn ná. Nítorí aya ẹlòmíràn ló ṣe rìn ín.

* * *

Àwọn nǹkan kéékèèké, torí òun ló ń dun ènìyàn jù.

Ẹ yẹ orúkọ wò kí wọ́n tó fín in. Lára òkúta ọ̀rẹ́ mi, lẹ́tà kan ṣì. Ọ̀kan péré. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, màmá rẹ̀ fi ìka tọ orúkọ ọmọ wọn, ìka wọn dúró níbi lẹ́tà yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ẹ béèrè nípa àwọn ẹrù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, lẹ́tà wọlé fún ìyàwó rẹ̀ pé kó dá yunifọ́ọ̀mù méjì, bẹ́líìtì àti bàtà padà, ohun ìjọba ni. Kò sí "ẹ kú ara fẹ́ra kù" nínú rẹ̀. Obìnrin náà fọ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì, ó lọ̀ wọ́n, ó ká wọn. Èmi ni mo gbé wọn lọ. Bọ́tìnnì kan ti já tipẹ́ lára ọ̀kan, ó ti rán tuntun sí i.

Oṣù kìíní, ilé máa ń kún. Oṣù keje ni kí ẹ lọ. Nígbà yẹn fóònù ti dákẹ́, ọmọ á ti máa béèrè ohun tí kò béèrè tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹbí ọlọ́pàá tó kú ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti ọdún 1984, torí wọ́n rí i pé ẹni tó kàn ló mọ̀. Opó tó ti pé ọdún mẹ́wàá lè jókòó ti opó ọ̀sẹ̀ méjì láìsọ ohunkóhun, kí ó sì ràn án lọ́wọ́ ju gbogbo wa lọ.

* * *

Ẹni tó béèrè ti dá mi lóhùn. Ó ní òun pe àwọn méjèèjì jókòó. Ìyàwó ní kì í ṣe ìrántí ni òun ń sá fún, pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kà jáde lọ́dọọdún, àwọn ọmọ sì ti mọ̀ ọ́n sórí, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ bàbá wọn. Màmá ní òun fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ òun lẹ́nu ẹlòmíràn, ibi yòówù kó jẹ́. Ẹni tó béèrè wá ní òun fẹ́ ṣe é báyìí: òun àti màmá á lọ síbi tí wọ́n ti ń yan, ìyàwó á dúró sílé. Lálẹ́, àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá ẹ̀gbọ́n òun ṣiṣẹ́ á wá sílé, kálukú á sọ ohun kan tí àwọn ọmọ ò mọ̀ nípa bàbá wọn. Ó béèrè pé ta ni yóò máa kó wọn jọ lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin ni. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀ lónìí, kí wọ́n tó ṣí lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú ìtàn tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín wá pẹ̀lú, kì í ṣe ti ọjọ́ ikú nìkan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ pé ẹ̀gbọ́n yín máa ń pẹ́ dé, ẹ má dá a dúró.

Ọ̀la ló pé ọdún tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ mi. Mo ti yí aago mi sí márùn-ún ààbọ̀. Ní aago mẹ́fà, màá pe màmá. Màá ní, "Màmá, mo ti dé o." Wọ́n á béèrè bóyá mo ti jẹun, màá sì ní mo ti jẹun.